Ewúro Mẹ́ta Kú Lẹ́yìn Ilé Wa

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá mi gbin ewúro sẹ́yìn ilé tí à ń gbé ní Coconut, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ewúro kì í ṣe ohun tó ṣòro gbìn. Bí èèyàn bá ṣẹ́ igi rẹ̀, tó rì í mọ́lẹ̀, tó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀, kì í pẹ́ tí yóò fi rúwé. Ti ìyá mi náà máa ń rúwé. Á tutù yọ̀yọ̀ títí òjò oṣù Kẹfà á fi dé. Tó bá yá, ewé ìsàlẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, èyí tó wà lókè á sorí kọ́. Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ tí ìyá mi fa ẹ̀kẹta tu. Kò lo agbára kankan. Gbòǹgbò rẹ̀ ti dúdú, èèpo rẹ̀ ń bó sí i lọ́wọ́, òórùn tó ń jáde lára rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti ẹyin tó bàjẹ́. Ìyá mi gbé e dání, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá.

Ẹni tó bá mọ Coconut á mọ̀ pé ikú ewúro yẹn kì í ṣe ohun ìyanu. Ibùdókọ̀ ni Coconut, lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó ti Oshodi gba Mile 2 wá sí Àpápá. Èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní 1977, kò jìnnà sí i, Ajégúnlẹ̀ sì wà nítòsí. Orúkọ àgbọn ló ń jẹ́, ṣùgbọ́n tírélà, táǹkà epo àti kọ̀ǹténà ni ojú ń rí níbẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Lábẹ́ gbogbo irin wọ̀nyẹn, ilẹ̀ àbàtà ni. Kí ọkọ̀ òkun ńláńlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í gúnlẹ̀ sí èbúté Àpápá ní 1926, ẹrẹ̀ àti igi ẹgbà ló pọ̀ jù ní agbègbè náà. Wọ́n da yanrìn sí i, wọ́n da ìdọ̀tí sí i, wọ́n kọ́lé lé e lórí. Omi kò kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn ilé wa, bí ẹ bá gbẹ́ ilẹ̀ dé orókún, omi á yọ, nínú ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá.

Obìnrin Ìlàjẹ kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Ìyá Ìlàjẹ ni gbogbo ilé ń pè é. Etíkun ni wọ́n bí i sí, níbi tí ilé ti ń dúró lórí òpó nínú omi, tí èèyàn ti ń wa ọkọ̀ lọ kí aládùúgbò rẹ̀. Òun ló bá ìyá mi níbi tó dúró sí pẹ̀lú ewúro lọ́wọ́.

Ó ní, “Ìyá Ṣadé, ẹ má fìyà jẹ ewúro mọ́. Ilẹ̀ tó ń mumi, ohun tó ń mumi là ń fún un.”

Ìyá mi dáhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n, ewúro ni bàbá wọn fẹ́ràn.”

“Ẹ máa rà á lọ́jà Boundary. Ohun tí ilẹ̀ yín lè fún yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbà.”

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó gbé orí kókò mẹ́ta wá nínú báàfù. Ó ti gé ewé wọn dànù, ó fi ọ̀pá tó tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì sílẹ̀. Ó rì wọ́n sínú ẹrẹ̀ títí dé ọrùn, ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí wọn, ó bá ti ẹ̀ lọ.

Nígbà tí òjò dé, omi kún ẹ̀yìn ilé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó mù wá dé ọrùn ẹsẹ̀. Kókò náà dúró sínú rẹ̀, kò mira. Ní oṣù Kẹjọ, ewé rẹ̀ ti fẹ̀ ju àtẹ tí ìyá mi fi ń pàtẹ ata lọ. Òjò á bọ́ sórí ewé yẹn, á ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀ dígí, á yí gbirigbiri, á já bọ́, ojú ewé á sì gbẹ bíi pé nǹkan kan ò kàn án. Èmi àti àbúrò mi a máa já a borí lọ sílé ìwé. Bó bá di oṣù Kejìlá, a ó wà á. Ìyá Ìgbò tó wà ní yàrá ẹ̀gbẹ́ wa ń pè é ní ede. Ó ní kí ìyá mi bu díẹ̀ fún òun kí òun fi mú ọbẹ̀ ki, àtìgbà yẹn ni àwo ọbẹ̀ ti ń gba ojú fèrèsé kọjá láàárín àwọn méjèèjì.

Ohun kan tí Ìyá Ìlàjẹ kì í gbà ni ká wa kókò tán. Ó ní ká mú ìyá, ká fi ọmọ sílẹ̀. A ó yọ èyí tó tóbi, a ó dá àwọn kéékèèké padà sínú ẹrẹ̀, ọdún tó ń bọ̀ á bá wọn níbẹ̀. Títí a fi kúrò nílé yẹn, a ò ra orí kókò láti gbìn. Irú ohun ọ̀gbìn bẹ́ẹ̀, tí a gbìn lẹ́ẹ̀kan tó sì ń wà láti ọdún dé ọdún, ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń gbé orí ilẹ̀ olómi mọyì. Àgbàdo àti tẹ̀tẹ̀ dára, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún lèèyàn ń bẹ̀rẹ̀ wọn lákọ̀tun, bí omi bá sì dé kí wọ́n tó gbó, iṣẹ́ ọdún náà ti lọ. Èyí tó ti fìdí múlẹ̀ ló lè fara da omi kan kó tún dúró de èkejì.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó pa ewúro. Èrò mi ni pé omi ló yó o jù. Àṣé àìrí afẹ́fẹ́ mí ni. Gbòǹgbò ń mí bí àwa náà ṣe ń mí. Láàárín hóró yanrìn àti hóró amọ̀, àyè wẹ́wẹ́ wà tí afẹ́fẹ́ ń gbé. Bí omi bá kún àwọn àyè yẹn tí kò sì tètè fà, afẹ́fẹ́ á tán, gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ yẹn ni àmì pé ilẹ̀ náà kò ní afẹ́fẹ́ mọ́. Kókò ní ọ̀nà tirẹ̀. Ẹ mú ọ̀bẹ, kí ẹ gé ọ̀pá ewé rẹ̀ ní ìbú, kí ẹ gbé ojú ibi tí ẹ gé súnmọ́ ojú yín. Ihò wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, bíi ti fóòmù tí a fi ń wẹ̀. Ihò wọ̀nyẹn ló ń gbé afẹ́fẹ́ láti ara ewé lọ bá gbòǹgbò lábẹ́ ẹrẹ̀. Igi ẹgbà tó ni Àpápá kí àwa tó dé ṣe tirẹ̀ lọ́nà mìíràn: ó na gbòǹgbò rẹ̀ jáde sókè omi bí ẹsẹ̀ alákàn, ó ń fi ojú ihò ara rẹ̀ mí. Nígbà tí mo mọ èyí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú mìíràn wo ilẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní ilẹ̀ burúkú.

Èyí kò ní kí kókò má ní ìyọnu tirẹ̀. Àrùn kan tó ti ń jẹ ewé kókò ní Éṣíà láti ìgbà pípẹ́ wọ Nàìjíríà ní 2009. Ọ̀rinrin ló fẹ́ràn, òjò ló sì ń gbé e kiri láti ewé dé ewé. Nígbà tó kan tiwa, a jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, a rí ojú àpá lára ewé bíi pé ẹnì kan ta omi gbígbóná sí i. Lọ́jọ́ kejì, àpá náà ti fẹ̀, ó ti dúdú láàárín, omi aláwọ̀ ọsàn kan ń sun létí rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ewé tó ń bo orí wa lọ sílé ìwé ti ń fì bí àkísà. Ìyá mi gé wọn, ó sun wọ́n, kò sì ṣèrànwọ́. Gbogbo ebè náà lọ, àfi ìdí méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Mo bẹ̀rẹ̀ wo àwọn méjì yẹn dáadáa. Ewé wọn kò rí bíi ti àwọn tó kú. Lára àwọn tó kú, ọ̀pá ewé wọ ewé láti ẹ̀yìn, ó sún mọ́ àárín, bí ìgbà tí ọwọ́ ń gbé àwo. Lára àwọn méjì tó kù, ọ̀pá náà wọ ẹnu ibi tí ewé ti là gan-an, ewé sì mú bí orí ọfà. Irú méjì ni kókò, orúkọ kan náà là ń pè wọ́n. Láti Éṣíà ni ti àkọ́kọ́ ti wá, ó sì ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ìkejì ti wá. Ní 1843, àwọn Kristẹni aláwọ̀ dúdú láti erékùṣù Jàmáíkà àti Áńtígà bá àwọn míṣọ́nnárì Basel wá sí ilẹ̀ Gánà òní, wọ́n sì gbé kókò yìí dání. Àwọn tí wọ́n kó baba ńlá wọn lẹ́rú rékọjá òkun ni wọ́n gbé oúnjẹ padà wálé. Mo máa ń rántí wọn nígbàkígbà tí mo bá ń wa kókò. Àrùn yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ ran irú tiwọn. Láti ìgbà náà, n kì í gbin oríṣi kan ṣoṣo mọ́.

Olódì-Àpápá ni mo ń gbé báyìí, kò sì jìnnà sí Coconut. Ilẹ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà, gígùn rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, ìbú rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ. Onílé fẹ́ da kọnkéré sí i. Mo bẹ̀ ẹ́ kó yọ̀ǹda rẹ̀ fún mi, ó sì gbà. Kí n tó gbin ohunkóhun, mo gbẹ́ ihò kan tó jìn tó ìgbọ̀nwọ́, mo da omi kún un, mo ń wò ó. Ibi tí omi bá ti fà láàárín wákàtí díẹ̀, ohun púpọ̀ lè gbé ibẹ̀. Tèmi kò tíì fà tán ní ọjọ́ kejì. Amọ̀ tí mo kó jáde ní àwọ̀ eérú, ó sì ní ojú pupa bí ìpẹtà lára. Ojú ìpẹtà yẹn fi hàn pé omi ń gòkè ó ń sọ̀ níbẹ̀, pé ilẹ̀ náà máa ń rí afẹ́fẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó dùn mọ́ mi nínú. Eérú lásán láìsí ìpẹtà ì bá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní ohun tó wu ojú nínú ọ̀rá dúdú wọn, ṣùgbọ́n orí iyẹ̀pẹ̀ tó ń jo omi ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ẹni tó bá fi ojú nìkan yàn á ná owó rẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Èmi gba ibòmíràn. Mo lọ sí ọgbà ìpamọ́ ẹranko àti igi tó wà ní Lẹ́kkí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, mo rin orí afárá pákó tí wọ́n tẹ́ sórí àbàtà rẹ̀, mo ń wo ohun tó ń hù níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ń bomi rin ín. Ilẹ̀ náà tó hẹ́kítà 78, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ omi àti ẹrẹ̀ bíi tiwa. Ọ̀pẹ ni mo rí, àti ewé gbàǹgbà gbàǹgbà lábẹ́ òjìji igi. Nígbà tí mo padà dé, mo ti mọ ohun tí mo fẹ́.

Mo fi kókò méjèèjì síbi tó kòtò jù. Mo gbin tẹ̀tẹ̀rẹ̀gún tẹ̀ lé e, nítorí etí odò ni ilé rẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ kún fún omi kíkan, ewé rẹ̀ sì ń lọ́ yí i ká bí àtẹ̀gùn. Ìdò, tí òdòdó rẹ̀ pupa fòò, ni mo gbìn sójú ọ̀nà. Ó ń bí sí i lábẹ́ ilẹ̀ lọ́dọọdún, omi kì í sì dí i lọ́wọ́. Gbúre kò dúró de mi kó tó wá. Ibi tó bá ti rí ọ̀rinrin àti òjìji díẹ̀ ló ń gbé, ibi tí mo bá ti ká a ló tún ti ń yọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ewé mọ́ínmọ́ín. Àwọn kan ń pè é ní ewé eéran. Igbó olómi ni wọ́n ti ń já a wá fún àwọn tó ń tà á lọ́jà, ọ̀pọ̀ àwa ará Èkó sì rò pé kò lè gbé inú ìlú. Ó ń gbé. Òjìji ló ń fẹ́, ilẹ̀ tí kì í gbẹ ló ń fẹ́, odi ilé ẹ̀gbẹ́ wa sì fún un ní òjìji láti aago méjìlá. Egbò rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, ewé kọ̀ọ̀kan á yọ lórí ọ̀pá tirẹ̀ bí ẹní tí a ká, á sì tú ara rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìsàlẹ̀ ibi tó fara kan iyẹ̀pẹ̀ ló ń so sí, èso pupa onígun mẹ́ta. Nínú èso náà, ohun funfun kan wà tó bo kóró rẹ̀, èròjà adùn inú rẹ̀ sì dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì. Dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, W. F. Daniell, kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1855, orúkọ rẹ̀ sì ni àwọn onímọ̀ fi ń pe ohun ọ̀gbìn náà títí dòní: Thaumatococcus daniellii. Àwọn ìyá wa tó ń fi ewé rẹ̀ pọ́n mọ́ínmọ́ín ti mọ̀ ọ́n tipẹ́ kí Daniell tó dé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò gbọ́dọ̀ fi pa mọ́. Ilẹ̀ wa ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe omi nìkan ló ń mu. Ó ń mu dísù láti ara táǹkà, ó ń mu ọ́ìlì tí mẹkáníìkì dà dànù, ó ń mu òjé láti ara bátìrì ọkọ̀ tí wọ́n fọ́ sílẹ̀. Kókò àti ẹ̀fọ́ tó ń tutù lẹ́bàá gọ́tà ojú títì ń fà á sára, ojú lásán kò sì lè rí i. Ẹ má jẹ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé já a. Pẹ̀rẹ́gún ni kí ẹ gbìn síbẹ̀, kó di ilẹ̀ mú, kó bo ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Òun ni àwọn baba wa fi ń pa ààlà oko, nítorí òjò ìbáà rọ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ ìbáà dá, ó ṣì ń tutù. Ohun jíjẹ ní tirẹ̀, ẹ̀yìnkùlé tí ẹ mọ ìtàn rẹ̀ ni kí ẹ gbìn ín sí.

Líle nìkan kò sì tó láti fi yan ohun ọ̀gbìn. Ewéko olódòdó aláwọ̀ àlùkò tó ń léfòó lórí ọ̀sà wa gba omi láti ẹ̀gbẹ́ Bẹ̀nẹ̀ wọ Àgbádárìgì ní 1984. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Kò sí ohun tó le jù ú lọ, òun ló sì ń dí ọkọ̀ apẹja lọ́nà títí dòní. Nítorí náà, ohun tí mo bá gé lára kókò tàbí ìdò mi, n kì í sọ ọ́ sí kànáà. Mo ń sá a gbẹ ni, mo ń fi í bo ìdí àwọn tó kù.

Ewúro ńkọ́? Mo gbìn ín. Mo to búlọ́ọ̀kù yíká láìfi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́, mo kó iyẹ̀pẹ̀ oko àti ìgbẹ́ adìyẹ sínú rẹ̀ títí ó fi ga dé orókún, mo rì ọ̀pá méjì sí i. Gbòǹgbò rẹ̀ kò kan omi. Òjò oṣù Kẹfà mẹ́ta ti rọ̀ lé e lórí. Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún. Nígbà tó wá kí mi lọ́dún tó kọjá, ó tẹ̀ lé mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó gbá ewé ewúro náà mú, ó fi èékánná fá ara igi rẹ̀ láti wò ó bóyá ó tutù nínú. Ó tutù. Ó ká ẹ̀kún ọwọ́ méjì, ó sì fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ 14 oṣù Keje ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó yà sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn. Ọjọ́ tó dára ni fún àwọn tí ilẹ̀ wọn ga. Ní ìhà tiwa, omi ti kún ilẹ̀ nígbà yẹn, ohun tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn á léfòó ni. Oṣù Kẹrin ni kí ẹ gbìn ín, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti mú ilẹ̀ rọ̀, kí gbòǹgbò lè di ilẹ̀ mú kí oṣù Kẹfà tó dé.

Ẹ̀yin onílé ní Coconut, ní Olódì, ní Tòlú, ní Amúkókò, ẹ̀yin ni mo ń bẹ̀. Ẹ̀yin náà rántí òjò ọjọ́ 10 oṣù Keje, 2011, bí omi ṣe wọlé bá àwọn èèyàn lórí ibùsùn. Bí ẹ bá ń da kọnkéré sí àyíká ilé yín, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin péré sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi, kí omi ríbi gbà wọlẹ̀. Bí ẹ kò bá ní ohun tí ẹ fẹ́ gbìn síbẹ̀, mo ní orí kókò àti egbò ewé mọ́ínmọ́ín tó tó pín fún yín.